Ẹni Tó Dá Ọ̀kẹ́rẹ́ Lóhùn

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá irọ́, irọ́ pọ̀ nílẹ̀, ó sì dùn ju èyí lọ. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, à bá fún un ní ìparí tó dáa. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé, àmọ́ bí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní oorun ń kùn àwọn.

Ilé iṣẹ́ kan wà láàárín pápá, níbi tí kò sí igi, tí kò sí aládùúgbò. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀run. Kì í ṣe ọ̀run àwọn oníwàásù, èyí tó wà lókè òrùlé gan-an ni. Wọ́n ta wáyà gígùn láti orí òpó irin kan sí èkejì. Wáyà yẹn ń gbọ́ ohun tí etí ènìyàn ò lè gbọ́, ó sì ń gbé e wá sínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Inú yàrá yẹn ni Eléjí máa ń jókòó sí ní ìdájí, tó fi ìbotí tó ń gbé ohùn wáyà wá bo etí méjèèjì bí ẹni tí òtútù ń mú.

Nítorí èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Èjí náà ṣí débi pé bó bá súfèé, fèé rẹ̀ á já láàárín: á gòkè, á já, á tún gòkè. Kò sí ẹlòmíràn tó ń súfèé bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tìtorí fèé yẹn lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ó lè jẹ́ òótọ́. A ti rí àwọn tó torí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ gbéyàwó.

Ẹ jẹ́ ká la ohun tó ń gbọ́ yé ara wa, kí ẹnìkan má sọnù lójú ọ̀nà. Ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí, òòfà ńlá ni. Agbára òòfà náà yí i ká lókè lọ́hùn-ún bí àgbàlá, ó sì há àwọn èérún iná mọ̀nàmọ́ná mọ́nú, èyí tó tín-ín-rín débi pé ojú ò lè rí i láé. Ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ẹlẹ́wọ̀n á sáré lọ sí àríwá, á dé ibi tí agbára òòfà ti le, á yí padà. Á sáré lọ sí gúúsù, á débẹ̀, á yí padà. Àlọ àti àbọ̀, kò sí ìsinmi, bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, àfi bí ìgbì kan bá tì í.

Ìgbì náà ní ohùn. Ìdájí ló máa ń pọ̀ jù, ó sì dà bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń jí: fùú-ìì, fùú-ìì, ó ń gòkè. Bó bá kan ẹlẹ́wọ̀n lára, ibi tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń yí padà á sún sísàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá tún kàn án, á tún sún. Ọjọ́ tí ibi ìyípadà yẹn bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ó parí. Ẹlẹ́wọ̀n á forí sọ afẹ́fẹ́, á tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, á sì kú síbẹ̀. Kì í délẹ̀, kì í sì í padà sókè. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò já wálẹ̀ rárá. Ògiri àgbàlá ni wọ́n ń gbà jáde, sínú òkùnkùn tí kò lópin. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì nílé iṣẹ́: àdánù.

Ọkọ Eléjí ló ń gun òpó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ kì í já bọ́. Òfin kan wà fún iṣẹ́ òpó. Bí ẹni tó wà lókè bá parí iṣẹ́, á súfèé kan ṣoṣo tó gòkè. Ẹni ìsàlẹ̀ á lọ wò ó bóyá wọn ò tíì tan iná sí wáyà, á wá súfèé dá a lóhùn. Ìgbà tí ẹni òkè bá gbọ́ ìdáhùn yẹn ló tó lè gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná wáyà láìbojú wòkè. Pípariwo ò wúlò. Afẹ́fẹ́ orí pápá a máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, a sì máa fi fèé sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ló dúró nísàlẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó gbàgbé. Ọ̀kẹ́rẹ́ súfèé títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Orí òpó ló wà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, kí Eléjí tó ti ìlú dé, tó gbọ́ ọ, tó sì dá a lóhùn.

“Kí ló dé tí o ò sọ̀ fúnra rẹ?” ni ọ̀gá bi í.

“Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn.”

“Tílẹ̀ bá wá ṣú ńkọ́?”

“Ilẹ̀ á ṣú.”

Alágídí ni. Àmọ́ irú wọn ló ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ òpó.

Ọ̀gá náà, Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Kò sí ohun tí wọ́n máa sọ fún un tí kò ní í ti mọ̀. Bí o bá sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jó, á ní òun ti mọ̀, á sì béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Oòrùn bínú lóṣù yẹn. Ó tu ẹlẹ́wọ̀n sínú àgbàlá òkè títí àyè ò fi gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì ń ba sátẹ́láìtì kan jẹ́ tí àwọn ènìyàn ńlá gbójú lé. Ẹ̀rọ kan wà nílé iṣẹ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè sín ohùn ìgbì ìdájí jẹ, kó fi wáyà gbé e lọ sókè, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè máa já bọ́. Ṣùgbọ́n eku ti jẹ ibi tó ń dá ohùn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń gbé ohùn lọ ló kù. Ẹnu wà, ọ̀rọ̀ ò sí.

Àwọn ènìyàn ńlá ń pe Mo-ti-mọ̀ lórí fóònù láràárọ̀. Ó ti ń rù. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ súfèé láti orí òpó, ọ̀gá sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹnìkan bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tún un ṣe. Wọ́n gbé àwòrán ohùn náà sójú ẹ̀rọ. Ìlà kan tó ń gòkè. Bí wọ́n ṣe gbé e lé ti ìgbì ìdájí lórí, ó bá a mu pátápátá. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀run nínú méjèèjì.

“Èyí la máa lò,” ni ọ̀gá wí.

Eléjí ò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, fèé yẹn, wọ́n máa ń dá a lóhùn ni.”

“Mo ti mọ̀.”

“Ta ló máa dá a lóhùn lókè lọ́hùn-ún?”

“Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

“Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.”

Ọkọ rẹ̀ ló dá sí i. “Jẹ́ kí wọ́n lò ó jàre. Ohùn mi á rìn yí ayé ká, ara mi á wà nílé ní tèmi. Ta ló rí irú ẹ̀?”

Wọ́n lò ó. Ó ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń dín, fóònù ọ̀gá sì ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń dún hùùù lábẹ́lẹ̀, bí ilé tí oyin wà nínú ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, fèé Ọ̀kẹ́rẹ́ á gba wáyà lọ sókè.

Eléjí gbọ́ ọ nígbà tó padà bọ̀. Ìyẹn nìkan ò yẹ kó bà á lẹ́rù. Ohùn máa ń gba ojú ọ̀nà òòfà lọ sí òpin ayé kejì, kó sì padà, tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn fèé yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kékeré kan máa ń wà. Gbogbo ohùn yòókù, àwọn tó ń kọ bí ẹyẹ, á dákẹ́ pa pọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tó ń tẹ́tí ni.

Ó bọ́ ìbotí sílẹ̀. Ó lọ sílé.

Ilé wọn ò jìnnà, inú ọgbà ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ilé gbọọrọ ni, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láti ilẹ̀kùn iwájú dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Iwájú kọjú sí géètì, ẹ̀yìn kọjú sí táńkì omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó dé ibi àgbékà bàtà lẹ́bàá ilẹ̀kùn iwájú, ó yí padà. Ó dé ibi ìgbálẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó yí padà.

“Kí lò ń wá?”

“Mi ò wá nǹkan kan.”

“Jókòó, jẹ́ kí n po tíì fún ẹ.”

“Mo ń bọ̀.”

Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ó ń mu ún lọ, ó ń mu ún bọ̀. Ojú rẹ̀ là, ohùn rẹ̀ já geere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò dún.

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin arúgbó ni, kò léyín mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò fìgbà kan nílò eyín kó tó géni jẹ.

“Ìyàwó, kí lo fi sínú tíì ọmọ mi?”

“Ṣúgà ni, Màmá.”

“Irú ṣúgà wo?”

Irin ìdìmú ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ọwọ́ Eléjí, hùùù. Ẹ̀rọ ń fi fèé ránṣẹ́. Èjìká Ọ̀kẹ́rẹ́ já pà, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tì. Kò dúró. Nígbà tó tún dé iwájú, kò yí padà níbi àgbékà bàtà mọ́. Ó dé àárín ilẹ̀kùn kó tó yí padà.

Irin tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, orí àtẹ̀gùn òde ló ti yí padà.

Eléjí jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ lásán. Bí àlejò bá wá sí ilé iṣẹ́, òun ni wọ́n máa ń ní kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Ó ti ṣe é títí ó fi ń ṣe é láìronú. Bó bá kàn án, á sún. Bó bá tún kàn án, á tún sún. Ọjọ́ tó bá kọjá ibi tó yẹ kó ti yí padà. Àwọn àlejò máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn iwájú, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣẹ́jú.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo.

Ó wo ojú fèrèsé. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níta, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń yí padà. Ife tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò aya rẹ̀. Eléjí ò tún ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ìyá ní kí wọ́n kúrò lọ́nà fún òun. Òun tó bí i lòun máa mú un. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mú níbàdí bó ṣe ń kọjá, bí ẹni ń mú ewúrẹ́. Irun orí ìyá dìde gáú lábẹ́ ìborí, ìborí sì ṣí bọ́ sílẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ó ń jó,” ni ìyá wí. “Ara ẹ̀ ń jó bí irin inú oòrùn.”

“Màmá, mo ń bọ̀,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, ó sì kọjá lọ.

Eléjí sáré lọ bá ọ̀gá. Ó ní kó pa ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní ọjọ́ méjì péré ló kù kí sátẹ́láìtì bọ́ nínú ewu, ní ti ọkọ rẹ̀, eré ìdárayá ò pa ẹnikẹ́ni rí.

“Ẹ wá wò ó.”

“Mo ti mọ̀.”

“Ẹ wá wò ó, sà.”

Ó wá. Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n fi dé géètì, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń yí padà lẹ́yìn géètì, nínú koríko, nítòsí mọ́tò ọ̀gá gan-an. Ó kí ọ̀gá. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba inú ilé lọ síbi táńkì omi, ó tún padà wá. Koríko tó wà níbi tó ti yí padà dìde dúró ṣánṣán, ewé kọ̀ọ̀kan, láìsí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá ń wo koríko náà fún ìgbà pípẹ́. Ó la ẹnu rẹ̀. Eléjí dúró de ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn mọ̀.

“Mi ò mọ̀,” ni Mo-ti-mọ̀ wí.

Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló fi mọ nǹkan. Ọjọ́ kan tó yẹ kó mọ̀, ó sá.

Eléjí padà sí ilé iṣẹ́, ó já wáyà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìdún abẹ́lẹ̀ yẹn dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bọ́ sórí pápá bí aṣọ. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun ò wo ibi tí ọkọ òun wà kóun tó já a. Kí ènìyàn fọwọ́ kan iná wáyà láìbojú wòkè: ohun tí òfin òpó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nìyẹn, òun gan-an ló sì ń kọ́ àwọn tuntun ní òfin náà.

Ìyá wà ní géètì, ó di irin rẹ̀ mú.

“Ó ti lọ sọ́hùn-ún,” ni ó wí. “Kò tíì yí padà.”

Wọ́n dúró. Ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n ń wo koríko tó dìde dúró náà bó ṣe ń sùn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ewé kọ̀ọ̀kan, láti ìtòsí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí wọ́n tan iná, wọ́n rí ipasẹ̀ rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn kọjú síta. Ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíì inú rẹ̀ ṣì gbóná.

Wọ́n wá a. Àwọn tó mọ̀ nípa wíwá ènìyàn wá, wọ́n mu omi, wọ́n bi Eléjí bóyá ọkọ rẹ̀ ní obìnrin níta. Ìyá bi wọ́n irú obìnrin tó ń gbé lórí pápá tí kò ní igi. Wọ́n lọ.

Mo-ti-mọ̀ padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó pa ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tú ẹ̀rọ náà sí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú àpótí. Kò sí ibì kankan mọ́ nílé ayé tí fèé yẹn wà.

Ní ìdájí tó tẹ̀ lé e, Eléjí gbọ́ ọ.

Àwọn ohùn bí ẹyẹ ń kọ lókè, bí ìṣe wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Fèé kan gòkè, láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe bí èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó máa ń rí bákan náà nígbà gbogbo. Èyí gbọ̀n díẹ̀ lápá ìparí, bí ti ẹni tí ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ti ìhà kejì ayé dún wá.

Ó mọ ohun tó ń béèrè. Ó ti parí iṣẹ́. Ó fẹ́ sọ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kì í ṣe ẹni tí à ń fi nǹkan pa mọ́ fún. Nídìí oúnjẹ ni ìyá ti rí i.

“O ti gbọ́ ọ,” ni ìyá wí.

“Màmá.”

“O gbọ́ ọ, o sì ń jẹun.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jókòó sí yàrá ìgbọ́ràn nídàájí ọjọ́ kejì, tí wọ́n pín ìbotí kan, etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹyẹ òkè kọ. Wọ́n dákẹ́. Fèé náà gòkè.

Omijé bọ́ lójú ìyá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yí padà. “Dá a lóhùn.”

“Mi ò lè ṣe é.”

“Ẹnu ẹ ń dùn ẹ́?”

“Màmá, ohun tó bá ti ibẹ̀ sọ̀ kì í délẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló máa ń tán sí. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, ó parí. Bí mi ò bá dá a lóhùn, á ṣì wà níbẹ̀.”

“Wà níbẹ̀ títí dìgbà wo?”

Ọ̀gá ti béèrè irú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ rí, lọ́jọ́ tó gbàgbé rẹ̀ sórí òpó.

“Ọmọ mi ni,” ni ìyá wí. “Kì í ṣe èérún iná.”

Ó ká ètè ara rẹ̀ jọ, ó fẹ́. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún fẹ́. Arúgbó aláìléyín kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sójú wáyà ní ìdájí. Lọ́jọ́ mìíràn, Eléjí ì bá rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó di ọwọ́ ìyá mú. Fèé náà tún gòkè, ó ti súnmọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètè Eléjí fẹ́ ká jọ fúnra rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe láti ọdún yìí wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí eyín fi wọ ètè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dúró. Ó dúró. Ó ń kọjá lọ.

Nínú ìbotí, ẹnìkan dá Ọ̀kẹ́rẹ́ lóhùn.

Ó gòkè, ó já láàárín, ó tún gòkè.

Ìyá yíjú sí i. Ó wo ọwọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ti àárín ìka jáde.

“Ìwọ ni?” ni ó béèrè, jẹ́jẹ́.

Eléjí mi orí. Rárá.

Àwọn ẹyẹ òkè ò kọ mọ́. Kò sí ohun kankan nínú ìbotí, kódà ariwo lásán tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ kan yọ, àwọ̀ ewé tútù. Ó ràn, ó rẹ̀, ó tún ràn. Kì í ṣe ti oòrùn, oòrùn ò tíì yọ. Irun apá àwọn méjèèjì dìde.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Láti ibi òpó ló ti ń bọ̀. Ó ń dún lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ẹni tó wúwo, tó rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń dúró de kó yí padà.

Kò yí padà.